Ìjà Lórí Orúkọ Ètò Ọ̀sán ní Manila

Ẹni tí ó bí ọmọ ni ó ń sọ ọ́ lórúkọ. Bí ó tilẹ̀ rí bẹ́ẹ̀, ní ilẹ̀ Filipínì, ilé ẹjọ́ ni ó dá ìjà lórí orúkọ kan tí ó ti pé ọdún 44 kí ó tó di pé àwọn tí ó sọ ọ́ tún lè pè é. Orúkọ náà ni Eat Bulaga!, ètò orin, àwàdà, ìdíje àti ẹ̀bùn tí a ń fi hàn lórí ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán ní ọ̀sán gangan, láti ọjọ́ Ajé títí dé ọjọ́ Sátidé.

Ọjọ́ 30 oṣù keje ọdún 1979 ni ètò náà kọ́kọ́ jáde, lórí ìkànnì RPN 9. Tito Sotto àti àbúrò rẹ̀ Vic, pẹ̀lú ọ̀rẹ́ wọn Joey de Leon, ni òpó tí ó gbé e dúró. Joey de Leon ni ó ro orúkọ rẹ̀. “Eat” ni “jẹun” ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. “Bulaga” ni ọ̀rọ̀ Tagalog tí àgbà máa ń sọ nígbà tí ó bá fi ọwọ́ bo ojú, tí ó sì ṣí i lójijì kí ọmọ ọwọ́ lè rẹ́rìn-ín. Oúnjẹ àti ẹ̀rín: ó ṣòro láti rí orúkọ tí ó bá wákàtí náà mu jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àga ọ̀sán kò ṣófo nígbà náà. Student Canteen, tí ó ti wà láti ọdún 1958, ni ó jókòó sí i, kò sì kógbá sílé títí di ọdún 1986. Lẹ́yìn èyí ni Eat Bulaga! ṣí lọ sí ABS-CBN ní ọdún 1989, tí ó sì tún ṣí lọ sí GMA ní ọdún 1995. Ibi tí ó bá ṣí lọ ni àwọn òǹwòran ń bá a lọ.

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ojú eré lásán wo irú ètò yìí. Àwọn atọ́kùn rẹ̀ a máa lọ sí àdúgbò àwọn mẹ̀kúnnù, wọn a wọ ilé kan, wọn a gbọ́ ìṣòro onílé, wọn a sì fún un ní owó. Ní ọdún 1992, àwọn ará ìlú dìbò yan Tito Sotto sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà. Ọ̀ràn náà sì ní apá tí ó burú. Ní ọjọ́ 4 oṣù kejì ọdún 2006, nígbà tí Wowowee, ètò ọ̀sán tí ó jẹ́ orogún rẹ̀, fẹ́ ṣe àjọyọ̀ ọdún kìíní ní pápá ìṣeré kan ní ìlú Pasig, ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ìrètí ẹ̀bùn gbé wá tẹ ara wọn mọ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn tí ó kú lé ní 70.

Ní ọdún 2015 ni òkìkí Eat Bulaga! kan jù lọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan, Alden Richards, àti ọ̀dọ́mọbìnrin kan, Maine Mendoza, ń fẹ́ra lójú ẹ̀rọ láìfojúkanra, nítorí ìyá àgbà kan tí ó sọ pé kí wọ́n ní sùúrù títí di àkókò tí ó yẹ. (Ọkùnrin aláwàdà ni ó ń ṣe ìyá àgbà náà.) Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹwàá, gbọ̀ngàn tí ó gba 55,000 ènìyàn kún fún àwọn tí ó wá wò wọ́n.

Ọdún 2023 ni ilé dàrú. Ìyípadà wáyé láàrin àwọn olùdarí TAPE, ilé-iṣẹ́ tí ó ń gbé ètò náà jáde, àárín wọn àti àwọn àgbà mẹ́ta náà kò sì gún mọ́. Ní ọjọ́ 31 oṣù karùn-ún, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kéde pé àwọn ti fi TAPE sílẹ̀. TAPE wá atọ́kùn tuntun, ó sì ń lo orúkọ náà lọ, nítorí pé òun ni ó ti fi í sí ìwé lọ́dọ̀ ìjọba. Nígbà tí àwọn àgbà bẹ̀rẹ̀ ètò lórí TV5 ní ọjọ́ 1 oṣù keje, E.A.T. ni wọ́n ní láti pè é. Àwọn tí ó sọ ọmọ lórúkọ kò lè pe orúkọ ọmọ.

Ọ̀ràn náà di ẹjọ́: ṣé ẹni tí ó ro orúkọ ni ó ni ín, tàbí ẹni tí ó náwó lé e lórí tí ó sì gba ìwé rẹ̀? Ní oṣù kejìlá, ọ́fíìsì ìjọba tí ń bójútó irú ẹ̀tọ́ bẹ́ẹ̀ fagi lé ìwé TAPE. Ní ọjọ́ 5 oṣù kìíní ọdún 2024, ìdájọ́ ilé ẹjọ́ Marikina di mímọ̀, àwọn àgbà ni ó sì dá láre. Ní ọjọ́ kejì gan-an, Eat Bulaga! padà sẹ́nu wọn lórí TV5. TAPE pààrọ̀ orúkọ ètò tirẹ̀, ṣùgbọ́n kò pé oṣù méjì tí ètò náà fi kú, ní ọjọ́ 2 oṣù kẹta. Ní oṣù kẹrin, It's Showtime, orogún wọn láti ABS-CBN, ni ó wá gba àga ọ̀sán lórí GMA.