Dẹ́ríkà Kan, Gíráàmù Mélòó? Òṣùwọ̀n Oúnjẹ ní Òrù

Àbúrò mi obìnrin tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ni ó fa ọ̀rọ̀ yìí. Ó fẹ́ dín àkàrà bí màmá wa ṣe máa ń dín in, ó sì bi mí pé: "Ẹ̀gbọ́n mi, dẹ́ríkà ẹ̀wà kan, gíráàmù mélòó ni?" Ẹnu mi wọhò. Màmá wa ti di olóògbé, kò sì kọ nǹkan kan sílẹ̀. Agolo rẹ̀ nìkan ni ó kù sí ilé wa ní Òrù Ìjẹ̀bú.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo èdè. Wọ̀n kan ṣoṣo ni a ní: a ń wọn gaàrí tí a bù sínú igbá, a sì ń wọn ẹran tí a gbé ka orí òṣùwọ̀n. Ohun tí ó gba àyè àti ohun tí ó tẹ̀wọ̀n, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Ọ̀kẹ́ pàápàá, àpò ni, kí ó tó di orúkọ iye. Ogójì owó ẹyọ ni okùn kan, àádọ́ta okùn jẹ́ ẹgbàá, ẹgbàá mẹ́wàá sì ni ọ̀kẹ́ kan, èyí tí í ṣe 20,000. Ní àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn oníṣòwò ará Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í kó owó ẹyọ Zanzibar wá sí etíkun wa. Ó tóbi, ó sì wúwo ju ti Maldives lọ. Ní kíkà, ọ̀kẹ́ ṣì jẹ́ ọ̀kẹ́, ṣùgbọ́n ọrùn alárù mọ ìyàtọ̀.

Agolo ni ó gba ipò igbá lọ́wọ́ wa. Dẹ́ríkà, agolo tòmátò ilẹ̀ Ítálì tí a ń pè ní De Rica ni. Kóńgò tóbi jù ú lọ, ike ọ̀dà sì wà fún àwọn tí ń ra gaàrí púpọ̀. Ìjọba ológun ṣe òfin ní ọdún 1974 tí ó sọ kílò àti lítà di òṣùwọ̀n ìjọba, ṣùgbọ́n àwọn ìyá ọlọ́jà kò ju kóńgò wọn nù. Mo ti ra ìrẹsì rí lọ́wọ́ ẹnìkan tí ó lu ìdí kóńgò tirẹ̀ wọnú! Nígbà tí àwọn tí ogun lé kúrò ní Làìbéríà dé sí àgọ́ Òrù láti ọdún 1990, ife ni àwọn náà fi ń wọn ìrẹsì nílé wọn.

Ní Boston, ní ọdún 1896, Fannie Farmer tẹ ìwé ìdáná kan jáde, ó sì ń kọ́ àwọn ènìyàn pé kí orí ife tẹ́jú. Síbẹ̀, ife Amẹ́ríkà kan náà gba ìyẹ̀fun bíi gíráàmù 120 àti ṣúgà 200. Ìdí nìyí tí kò fi sí èsì kan fún gbogbo oúnjẹ. Tiwa tún le sí i, nítorí pé àwa kì í gé orí. Òkìtì ni a ń ṣe, èènì sì ń bẹ lẹ́yìn rẹ̀.

Mo gbé agolo màmá wa ka orí òṣùwọ̀n ìdáná, mo sì yọ ìwọ̀n agolo fúnra rẹ̀ kúrò. Omi inú rẹ̀ jẹ́ gíráàmù 820. Ìrẹsì olókìtì, 760. Gaàrí Ìjẹ̀bú olókìtì, 560 péré. Ẹ̀wà tí mo gé orí rẹ̀ jẹ́ 645, olókìtì sì jẹ́ 715.

Mo kọ 715 ránṣẹ́ sí àbúrò mi. Ó ní, "Èènì ńkọ́?" Òótọ́ ni: nínú ilé ìdáná pàápàá, màmá wa máa ń fi ẹ̀kúnwọ́ kan lé e, bí ẹni tí ń tajà fún ara rẹ̀. Mo bu ẹ̀kúnwọ́ tèmi, mo wọ̀n ọ́n: 60. Ọwọ́ màmá wa kéré sí tèmi. Mo ní kí ó fi 50 sí i.