Àkọsílẹ̀ àti Ètò Ìwádìí Sáyẹ́ǹsì ní Òkè Santa Rosa àti San Jacinto, 1897–2012

Ìfáàrà

Nígbà tí ìjọba bá fi òfin dáàbò bo ilẹ̀ kan, ó rọrùn láti rò pé iṣẹ́ ti parí: agégẹdú kò ní gé igi ibẹ̀ mọ́, ohun tí ó wà níbẹ̀ yóò sì máa wà bẹ́ẹ̀ títí láé. Ìtàn àwọn òkè Santa Rosa àti San Jacinto, ní gúúsù ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà, fi hàn pé ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Kókó tí bébà yìí fẹ́ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé ètò ìwádìí lórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ jẹ́ ètò ìrántí ju ohunkóhun mìíràn lọ. Bí ẹni ìṣáájú bá ṣe kọ ohun tí ó rí sílẹ̀ tó ni ẹni ìkẹyìn yóò ṣe lè mọ ohun tí ó yí padà, àti ìdí tí ó fi yí padà.

Ilẹ̀ náà

Ní ẹsẹ̀ àwọn òkè wọ̀nyí, aṣálẹ̀ ni. Ooru a máa mú gidigidi, òjò kò sì wọ́pọ̀. Ní ṣóńṣó òkè San Jacinto, tí ó ga tó nǹkan bí 3,300 mítà, yìnyín a máa bo ilẹ̀ nígbà òtútù. Láàrin ibùsọ̀ díẹ̀, ènìyàn yóò ti kúrò láàrin ọrọ́, yóò sì ti dé abẹ́ igi páìnì. Èyí ni ó fa àwọn onímọ̀ wá síbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn Cahuilla ti ń gbé ibẹ̀ tipẹ́tipẹ́ kí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kankan tó dé; wọ́n mọ orísun omi rẹ̀, igi eléso rẹ̀ àti àwọn ibi ọ̀wọ̀ rẹ̀. Ní ọdún 1897 ni Ààrẹ Grover Cleveland sọ apá kan òkè San Jacinto di igbó ọba.

Iṣẹ́ Grinnell

Ní ọdún 1908, Joseph Grinnell, olùdarí àkọ́kọ́ fún mùsíọ́ọ̀mù ẹranko elégungun ẹ̀yìn ti Yunifásítì California ní Berkeley, ṣe ìwádìí ní agbègbè San Jacinto pẹ̀lú àwọn ènìyàn rẹ̀. Òun àti Harry Swarth tẹ ìwé jáde lórí àwọn ẹyẹ àti ẹranko afọ́mọlọ́mú ibẹ̀ ní ọdún 1913. Kì í ṣe iye ẹranko tí wọ́n kó jọ ni ó ṣe pàtàkì jù, bí kò ṣe bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sílẹ̀: ọjọ́, ibi, bí ibi náà ti ga tó, àti irú ewéko tí ó yí i ká. Ní ọdún 1910, Grinnell ti sọ ọ́ pé ó ṣeé ṣe kí àǹfààní tí ó tóbi jù nínú irú iṣẹ́ yìí má hàn títí di ọgọ́rùn-ún ọdún. Ọ̀rọ̀ náà ṣẹ. Ní ọdún 2008, mùsíọ́ọ̀mù San Diego Natural History bẹ̀rẹ̀ sí padà sí àwọn ibùdó náà, pẹ̀lú àkọsílẹ̀ ti 1908, láti wo èyí tí ó kù àti èyí tí ó ti lọ.

Àríyànjiyàn Deep Canyon

Àpẹẹrẹ kejì kò lọ geere bẹ́ẹ̀. Ní Deep Canyon, ní ìhà Santa Rosa, níbi tí Yunifásítì California ní ibùdó ìwádìí kan, wọ́n ka àwọn ewéko láti ìsàlẹ̀ dé òkè ní ọdún 1977. Ní ọdún 2006 àti 2007, Anne Kelly àti Michael Goulden padà lọ tún wọn kà. Nínú àbọ̀ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2008, wọ́n ní irú ewéko mẹ́wàá tí ó gbilẹ̀ jù ti sún sókè ní nǹkan bí 65 mítà ní ìpíndọ́gba, wọ́n sì tọ́ka sí ojú ọjọ́ tí ó ń gbóná sí i àti ọ̀dá.

Ní ọdún 2012, Dylan Schwilk àti Jon Keeley tún apá àárín ọ̀nà náà yẹ̀ wò. Wọ́n ka òrùka inú igi, wọ́n sì rí i pé kì í ṣe ìgbà kan náà ni iná jó gbogbo ibẹ̀ kẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ sì ni ìwádìí ìṣáájú ti gbà pé ìtàn iná àwọn ibi náà kò yàtọ̀. Wọ́n gbájú mọ́ Ceanothus greggii, igi kékeré kan tí ó jẹ́ pé lẹ́yìn iná ni irúgbìn rẹ̀ máa ń hù. Ní ti igi yìí, àlàyé tiwọn ni pé ọjọ́ iná ṣe pàtàkì ju ooru lọ. Kò sí ẹni tí ó ṣi igi kà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ohun tí ó ṣe aláìní ni àkọsílẹ̀ iná, tí ìbá ti wà nílẹ̀ kí kíkà àkọ́kọ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Òfin àti ètò

Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹwàá ọdún 2000, Ààrẹ Bill Clinton fọwọ́ sí òfin tí ó sọ ilẹ̀ tí ó lé ní 270,000 éékà ní àwọn òkè méjèèjì di ilẹ̀ àpamọ́ orílẹ̀-èdè. Bureau of Land Management àti Forest Service ni ó jọ ń bójú tó ilẹ̀ ìjọba àpapọ̀ inú rẹ̀. Òfin náà sì ní kí wọ́n máa bá àwọn Agua Caliente, tí wọ́n jẹ́ Cahuilla, gbìmọ̀. Lórí irú ilẹ̀ báyìí ni ètò ìwádìí tí a kọ sílẹ̀ ti di ara iṣẹ́ alákòóso: ohun tí a ti mọ̀, ohun tí a nílò láti mọ̀, ẹni tí yóò fún olùwádìí láṣẹ, àti ibi tí èsì yóò wà.

Àwọn kan lè sọ pé irú ètò bẹ́ẹ̀ ń de ọwọ́ olùwádìí, nítorí pé Grinnell kò dúró de ètò ìjọba kankan. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n Grinnell ní ètò tirẹ̀, ó sì ní mùsíọ́ọ̀mù tí ó tọ́jú ìwé rẹ̀ lẹ́yìn ikú rẹ̀ ní ọdún 1939. Olùwádìí tí kò ní irú ilé bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn yóò kó ìmọ̀ rẹ̀ lọ. Ẹ̀wẹ̀, ìwádìí fúnra rẹ̀ lè ṣe ìpalára. Láti ọdún 1998 ni òfin ìjọba àpapọ̀ ti ka àgùntàn ìgbẹ́ oníwo ńlá ti àwọn òkè wọ̀nyí mọ́ ẹranko tí ó wà nínú ewu àkúrun. Abo tí ó ń tọ́mọ kò mọ ìyàtọ̀ láàrin ẹsẹ̀ onímọ̀ àti ẹsẹ̀ arìnrìn-àjò. Bákan náà ni kò yẹ kí máàpù olùwádìí tú àṣírí ibi ọ̀wọ̀ àwọn Cahuilla fún gbogbo ayé.

Àgbálọgbábọ̀

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ìtàn tí bébà yìí gbé yẹ̀ wò fi hàn pé ilẹ̀ àpamọ́ tí kò ní àkọsílẹ̀ kò ní ẹ̀yìn tí yóò wò. Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni ó yẹ kí a fi díwọ̀n ètò ìwádìí kankan lórí irú ilẹ̀ yìí: bóyá ó kọ ìtàn iná, omi àti ìlò ilẹ̀ pọ̀ mọ́ kíka ewéko àti ẹranko, bóyá ó sọ ibi tí ìwé yóò wà fún ẹni tí yóò padà wá ní ọgọ́rùn-ún ọdún, àti bóyá àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ mọ ilẹ̀ náà wà níbi tí a ti ń pinnu ohun tí a ó wádìí.