Èlé Ìgbóná àti Ìdẹwọ́: Ọ̀rọ̀ Yorùbá fún Àfikún Eré Kọ̀ǹpútà

Lọ́dún 1998, ilé-iṣẹ́ Intel gbé ọpọlọ kọ̀ǹpútà kan jáde tí wọ́n ń pè ní Celeron 300A. Eré megahertz 300 ni wọ́n dá fún un. Kò pẹ́ tí àwọn tó fẹ́ràn kọ̀ǹpútà fi rí i pé bí wọ́n bá gbé aago tó ń darí rẹ̀ kúrò ní megahertz 66 sí 100, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ á sá 450, kò sì ní kọsẹ̀. Eré di ìlọ́po kan ààbọ̀, kọ́bọ̀ kò sì kún owó rẹ̀.

Iṣẹ́ yìí ṣì wà títí dòní, àwọn ọ̀dọ́ tó ń to dẹ́sítọ́ọ̀pù jọ fúnra wọn sì ń ṣe é. Kí ni ká máa pè é? Ẹlòmíràn lè ní "àsájù" ni. N kò fara mọ́ ọn. Àṣejù ni baba àṣetẹ́. Ọ̀rọ̀ tí "jù" bá ti wà nídìí rẹ̀ ti dá ènìyàn lẹ́bi kó tó gbọ́ tẹnu rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ yìí kì í ṣe àṣejù fún ẹni tó bá wọn ohun tó yẹ kó wọ̀n kó tó bẹ̀rẹ̀. "Àfikún eré" ló tọ́. Ó sọ ohun tí a ṣe, ó sì fi ìdájọ́ sílẹ̀ fún òṣùwọ̀n.

Ohun méjì ni a ń wọ̀n: ìgbóná àti ariwo. Ní ti ìgbóná, èdè wa ti là á sí méjì fún wa tẹ́lẹ̀. Ooru ni ti afẹ́fẹ́ tó yí wa ká, èyí tó ń mú wa làágùn; ìgbóná ni ti ohun tí ọwọ́ lè kàn. Ẹ jẹ́ ká máa sọ "ooru yàrá" àti "ìgbóná ọpọlọ kọ̀ǹpútà", kí a má dà wọ́n pọ̀. Iye tí ìgbóná fi ju ooru yàrá lọ ni mo dábàá pé ká pè ní "èlé ìgbóná", torí ohun tó lé lórí ooru ni. Ẹ wo ìwúlò rẹ̀. Bí èlé bá jẹ́ 55 nígbà iṣẹ́ àṣekára, kọ̀ǹpútà tó wà nínú yàrá oníwọ̀n Celsius 20 ní Jámánì á gbóná dé nǹkan bí 75. Nínú yàrá oníwọ̀n 33 ní Ìbàdàn, á sún mọ́ 88. Ààlà ọ̀pọ̀ ọpọlọ Intel Core sì ni 100. Àyè tí ará Jámánì ní kọ́ ni àyè tiwa.

Àyè yẹn kì í pẹ́ tán. Bí a bá fi kún eré, a sábà máa ń fi kún fólítéèjì náà. Bí fólítéèjì bá sì fi ìdá kan nínú mẹ́wàá lé, iná tí ọpọlọ ń jẹ á fi ohun tó ju ìdá kan nínú márùn-ún lé, a ò tíì ka eré fúnra rẹ̀ mọ́ ọn. Ìgbóná ni gbogbo iná yẹn ń dà. Bí ìgbóná bá kan ààlà, ọpọlọ náà á dín eré rẹ̀ kù kó má baà jóná. "Ìdẹwọ́" ni orúkọ tó yẹ é. Ẹni tó fi kún eré, tí ọpọlọ kọ̀ǹpútà rẹ̀ wá ń dẹwọ́, kò rí èrè kankan jẹ.

A ti ní amúlétutù fún ẹ̀rọ tó ń mú ilé tutù. Ẹ jẹ́ ká tọ ipa rẹ̀, ká pe irin àti fáànù tó wà lórí ọpọlọ kọ̀ǹpútà ní "amọ́pọlọtutù". Fáànù ní tirẹ̀ kò nílò orúkọ mìíràn. Ó ti di ọ̀rọ̀ wa.

Ní ti ariwo, ọ̀rọ̀ tuntun kò tilẹ̀ pọn dandan. Dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì ń sọ bí ariwo ṣe pọ̀ tó, bó bá sì fi 10 lé, etí á gbọ́ ọ bí ìlọ́po méjì. Ṣùgbọ́n kò sọ irú ariwo tó jẹ́. Yorùbá ń sọ ọ́. Fáànù tó ń kùn wà ní àlàáfíà. Èyí tó ń hó ti ń fi gbogbo agbára fẹ́ afẹ́fẹ́. Èyí tó ń dún kẹ̀kẹ̀kẹ̀, ó ṣeé ṣe kí wáyà máa kàn án, tàbí kí ìdí rẹ̀ ti jẹ. Bí fáànù bá ti ń hó kí a tó fi kún eré, kò ní nǹkan kan mọ́ tó lè fún wa. Ẹ kọ́kọ́ gbọn eruku ọyẹ́ kúrò láàárín irin amọ́pọlọtutù, kí ẹ tún wọn ìgbóná àti ariwo.

Lọ́dún 1984, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú Èdè-Ìperí Yorùbá, ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ ìmọ̀, ìmọ̀ èdè àti lítíréṣọ̀ sì jèrè rẹ̀. Ìmọ̀ kọ̀ǹpútà náà yẹ fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń tún kọ̀ǹpútà ṣe àti ẹ̀yin olùkọ́, ẹ fi èlé ìgbóná, ìdẹwọ́ àti amọ́pọlọtutù sẹ́nu iṣẹ́. Èyí tí kò bá bá iṣẹ́ mu, ẹ fi èyí tó dára jù ú lọ rọ́pò rẹ̀.