Oògùn Tí Ń Dá Ọkàn Dúró

Kí oníṣẹ́-abẹ tó la ọkàn, ọkàn gbọ́dọ̀ dúró jẹ́ẹ́. Bẹ́ẹ̀ iṣan tí ẹ̀jẹ̀ kò dé kì í pẹ́ bàjẹ́. Ní 1955, Denis Melrose ti Lọ́ńdọ̀nù fi pòtásíọ̀mù dá a dúró. Oògùn náà le jù, ó ń ba iṣan jẹ́, wọ́n sì pa á tì. Lẹ́yìn nǹkan bí ogún ọdún ni Hearse àti Braimbridge, ní St Thomas', tó pò ó níwọ̀nba, tí wọ́n sì ń lò ó ní tútù. (Nínú èdè wa, ẹni tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ ló ní àlàáfíà.) Enugu la ọkàn ní 1974. Ní Kamẹrúùnù, Shisong, nítòsí Kumbo, ṣí ilé ìtọ́jú ọkàn ní 2009. Ṣùgbọ́n láti 2017 tí ogun ti dé agbègbè náà, ọ̀nà tí aláìsàn Douala ń gbà débẹ̀ di eléwu.