Africa 70: Ẹgbẹ́ Olórin tí ó fi Ẹ̀fẹ̀ Bá Ìjọba Jà

Africa 70 ni ẹgbẹ́ olórin tí Fẹlá Aníkúlápó-Kútì (1938–1997) darí ní ìlú Èkó láàárín ọdún 1970 sí 1979. Afrobeat ni irú orin tí wọ́n ń kọ, ẹ̀fẹ̀ tí ó ń ta àwọn aláṣẹ lára ni wọ́n sì fi ṣe ohun ìjà. Nínú àwọn ọdún wọ̀nyí kan náà ni orin punk gbòde ní London. Ní ọdún 1977, ẹgbẹ́ Sex Pistols fi orin "God Save the Queen" ṣe ọbabìnrin wọn ní yẹ̀yẹ́, BBC sì fòfin de orin náà. Ọ̀nà tí àwọn méjèèjì gbà bú aláṣẹ jọra, ṣùgbọ́n ìyà tí Africa 70 jẹ ju ti ìfòfindè lọ.

Orísun ẹ̀fẹ̀ náà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọba kì í pa ọ̀kọrin. Nínú ọdún Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní ilẹ̀ Kétu, ọ̀kọrin ẹ̀fẹ̀ ní àṣẹ láti fi ẹnikẹ́ni tí ó bá hùwà ìbàjẹ́ ṣẹ̀sín lóru, kò sì sí ẹni tí yóò mú un sí i. Fẹlá bá irú àṣà bẹ́ẹ̀ nílé. Abẹ́òkúta ni a ti bí i. Nígbà tí ìyá rẹ̀, Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì, ṣáájú àwọn obìnrin Ẹ̀gbá láti tako owó orí, orin èébú wà lára ohun tí wọ́n fi dojú kọ ààfin. Ní oṣù kìíní ọdún 1949, Aláké Adémọ́lá Kejì fi orí ìtẹ́ sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Ìbẹ̀rẹ̀ ẹgbẹ́

Nígbà tí Fẹlá ń kẹ́kọ̀ọ́ orin ní Trinity College of Music ní London, ó dá ẹgbẹ́ Koola Lobitos sílẹ̀. Lẹ́yìn tí ó padà wálé ní ọdún 1963, ó tún ẹgbẹ́ náà tò ní Èkó; Tony Allen sì di onílù wọn. Ní ọdún 1969 wọ́n lọ sí Amẹ́ríkà, níbi tí Sandra Smith ti la Fẹlá lọ́yẹ̀ nípa ìjà àwọn aláwọ̀ dúdú. Lẹ́yìn ìrìn àjò yìí ni orúkọ ẹgbẹ́ yí padà, tí èdè Pijin sì gba ipò iwájú nínú orin wọn. Ìpinnu yìí ṣe pàtàkì: oníṣòwò ní ọjà Kure ní Minna lè gbọ́ àwàdà náà yé bí kọ̀ńdọ́kítọ̀ ní Mushin ṣe gbọ́ ọ.

Àwọn ẹni tí ẹ̀fẹ̀ bá

"Gentleman" (1973) fi ẹni tí ó ń wọ kóòtù nínú oòrùn ṣẹ̀sín. Ní ọdún 1974, àwọn ọlọ́pàá ti Fẹlá mọ́lé kí wọ́n lè yẹ ìgbẹ́ rẹ̀ wò bóyá ó gbé igbó mì. Ó sọ ọ̀rọ̀ náà di orin "Expensive Shit" (1975). "Zombie" (1976) ya sójà bí òkú tí ń rìn, tí kò ní èrò kan àfi àṣẹ ọ̀gá rẹ̀. Kì í ṣe aláṣẹ nìkan ni ó fi ṣẹ̀sín ṣá: àwọn onímọ̀ kan ti bu ẹnu àtẹ́ lu "Lady" (1972) nítorí pé obìnrin ọ̀làjú ni ó dojú kọ.

Ìyà àti ìtúká

Ní ọjọ́ 18 oṣù kejì ọdún 1977, nǹkan bí ẹgbẹ̀rún kan sójà ya wọ Kalakuta, ilé Fẹlá, wọ́n lu àwọn ará ilé, wọ́n sì dáná sun ún. Wọ́n ju ìyá rẹ̀ láti ojú fèrèsé òkè. Ó kú ní ọjọ́ 13 oṣù kẹrin ọdún 1978. Ìgbìmọ̀ ìwádìí ní sójà tí a kò mọ̀ ni ó ṣe é. Fẹlá gba gbólóhùn náà mú, ó fi sọ orí àwo rẹ̀, "Unknown Soldier" (1979). Yẹ̀yẹ́ wà nínú àkọlé náà, ṣùgbọ́n arò ni orin fúnra rẹ̀. Ní ọdún 1979 kan náà, ó gbé pósí lọ sí Dodan Barracks, ibùjókòó ìjọba ológun.

Lẹ́yìn àjọ̀dún orin jáàsì ní Berlin ní ọdún 1978, ọ̀pọ̀ ọmọ ẹgbẹ́, títí kan Tony Allen, fi Fẹlá sílẹ̀. Egypt 80 ni ó fi rọ́pò ẹgbẹ́ náà.

Ohun tí ìtàn yìí kọ́ni

Àṣà ni ó ń dáàbò bo ọ̀kọrin ẹ̀fẹ̀: àwùjọ ti fún un ní òru tirẹ̀, ọba pàápàá sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Fẹlá gbé ẹ̀fẹ̀ kúrò lábẹ́ ààbò yẹn lọ bá ìjọba ológun tí kò bá a dá májẹ̀mú kankan. Ẹni tí ó bá ń ṣe ìtúpalẹ̀ àwàdà nínú orin Africa 70 gbọ́dọ̀ fi èyí sọ́kàn: ìdí ẹ̀rín nìkan kọ́ ni ó yẹ kí a bèèrè, ó yẹ kí a bèèrè ẹni tí ó san owó rẹ̀ pẹ̀lú.