Ta Ló Yẹ Kí Wọ́n Dán Wò: Ẹni Tó Ń Fúnni Ni, Àbí Wòlíì?

Bí àpọ́sítélì bá dé sí ìlú, ọjọ́ kan ni kó lò lọ́dọ̀ àwọn ará. Bí ọ̀ràn bá le, kó di méjì. Bó bá lo ọjọ́ kẹta, wòlíì èké ni. Nígbà tó bá ń lọ, oúnjẹ tí yóò gbé e dé ibi tí yóò tún sùn nìkan ni kí wọ́n dì fún un. Bó bá béèrè owó, wòlíì èké ni.

Inú Didache ni òfin yìí wà, ìwé ìlànà ìjọ tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé wọ́n kọ ní ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún àkọ́kọ́ tàbí ìbẹ̀rẹ̀ ìkejì. Ó ti dàwátì tipẹ́ kí Philotheos Bryennios tó rí ẹ̀dà rẹ̀ kan ní Constantinople lọ́dún 1873. Ìwé náà kò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. Wòlíì tó bá wà nínú ẹ̀mí tó ní kí wọ́n fún òun lówó, kí ẹnikẹ́ni má dá a lóhùn; àmọ́ bó bá jẹ́ aláìní ló ń tọrọ fún, kò sẹ́jọ́. Bó bá pàṣẹ nínú ẹ̀mí pé kí wọ́n tẹ́ tábìlì oúnjẹ, òun fúnra rẹ̀ kò gbọdọ̀ jẹ níbẹ̀. Ó jọ pé àwọn tó ṣòfin yìí ti pàdé wòlíì tébi ń pa.

Kì í ṣe pé wọn kì í fún wòlíì ní nǹkan o. Didache kan náà fún wòlíì tòótọ́ tó bá fẹ́ bá ìjọ gbé ní àkọ́so wáìnì, ọkà, màlúù àti àgùntàn. Níbi tí kò bá sí wòlíì, tálákà ló ni ín. Ẹni tí wọ́n ń yẹ̀ wò ló ti yí padà. Nígbà náà, ẹni tó ń gbà ni. Lónìí, nínú ọ̀pọ̀ ìjọ wa láti Èkó dé London, ẹni tó ń fúnni ni wọ́n ń ka Málákì orí kẹta, ẹsẹ ìdámẹ́wàá, sí létí.

Ní Carthage, ní nǹkan bí ọdún 197, òǹkọ̀wé Kristẹni náà Tertullian ṣàlàyé fún àwọn aláṣẹ Róòmù pé ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni oníkálukú ń mú owó díẹ̀ wá, bó bá wù ú, tí agbára rẹ̀ sì ká a. Owó náà ni wọ́n fi ń bọ́ tálákà, tí wọ́n fi ń sìnkú wọn, tí wọ́n sì fi ń tọ́ ọmọ òrukàn.

Àwọn kan á ní ìjọ inú ilé ni wọ́n ń ṣe nígbà yẹn, kò sí òṣìṣẹ́ tí wọ́n máa sanwó fún. Ọ̀rọ̀ náà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n kò bá ti Róòmù mu ní nǹkan bí ọdún 251. Nínú lẹ́tà tí òpìtàn ìjọ náà Eusebius tọ́jú, Bíṣọ́ọ̀bù Cornelius ka àlùfáà 46, díákónì 7 àti òṣìṣẹ́ mìíràn 101. Opó àti aláìní tí ìjọ ń bọ́ lé ní 1,500.

Nígbà tó yá ni ìdámẹ́wàá di òfin tó ní ìjìyà. Lọ́dún 585, ìpàdé àwọn bíṣọ́ọ̀bù ní Mâcon, ní ilẹ̀ Faransé òde òní, pàṣẹ pé kí wọ́n yọ ẹni tó bá kọ̀ ọ́ kúrò nínú ìjọ. Síbẹ̀, àwọn náà kọ ọ́ sínú òfin ọ̀hún pé kí àlùfáà fi í ran tálákà lọ́wọ́, kí ó sì fi í ra àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú padà. Ìwàásù ìdámẹ́wàá òde òní kì í sábà dé apá yẹn.