Bomubomu Kì í Ṣe Ará Sódómù

Ará Ìṣẹ̀rí-Olófin kì í fi ọ̀rọ̀ orírun ṣeré. Bá ọmọ Awórì jókòó, kò ní í pẹ́ tí yóò fi dárúkọ baba ńlá wọn, Olófin Ògúnfúnminírè, àwo tí wọ́n gbé lé omi kó lè fi ibi tí wọn yóò tẹ̀dó hàn wọ́n, àti ibi tí àwo náà ti rì. Irú etí bẹ́ẹ̀ ló yẹ kó gbọ́ ẹjọ́ bomubomu, ewéko tí wọ́n gbé orírun olórírun lé lọ́wọ́.

Ápù Sódómù ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè é. Láti ibẹ̀ ni àwọn kan ti ń sọ pé orí eérú ìlú tí Ọlọ́run fi iná sun ló ti hù, pé ìyẹn ni èso rẹ̀ ṣe tóbi lójú tí kò sí nǹkan nínú.

Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ka Jẹ́nẹ́sísì orí 19 yóò rí iná, imí ọjọ́ àti aya Lọ́ọ̀tì tó di ọ̀wọ̀n iyọ̀. Kò ní í rí èso kankan. Àjàrà Sódómù ni Deutarónómì 32:32 dárúkọ. Josephus, òpìtàn Júù ayé àwọn àpọ́sítélì, ló kọ ọ́ pé èso kan wà nítòsí Òkun Òkú tó ń di èéfín àti eérú lọ́wọ́ ẹni tó bá já a. Àwọn tó kà á lẹ́yìn rẹ̀ ló wá ewéko tí wọ́n máa gbé orúkọ náà wọ̀. Àwọn kan mú bomubomu. Àwọn mìíràn mú ewéko ẹlẹ́gùn-ún kan tó jẹ́ mọ̀lẹ́bí ìkàn. Orúkọ kan, ewéko méjì tí kì í tilẹ̀ ṣe ìdílé kan náà!

Bí a bá fẹ́ mọ bomubomu, òun fúnra rẹ̀ ni ká bi. Ewé rẹ̀ fẹ̀, ó ki, méjì-méjì ló ń yọ tí wọ́n kọjú síra. Ohun bí ìda tó bò ó ni kì í jẹ́ kí oòrùn fa omi ara rẹ̀ gbẹ. Já ewé kan, oje funfun á ṣàn. (Ẹ má jẹ́ kó ta sí yín lójú o, májèlé ni.) Òdòdó rẹ̀ pín sí márùn-ún, ó funfun, ẹnu rẹ̀ sì dà bí ohun tí wọ́n tì bọ aró elésè-àlùkò. Èso tútù yẹn, afẹ́fẹ́ ló pọ̀ nínú rẹ̀. Nígbà tó bá gbó tó sì là, àwọn kóró pẹlẹbẹ tó ní irun funfun bí òwú àràbà ló ń fò jáde, tí atẹ́gùn ń gbé wọn lọ. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ èyí ni wọ́n rí tí wọ́n fi pè é ní èéfín.

Ní 1789, William Aiton, olùtọ́jú ọgbà Kew nítòsí Lọ́ńdọ̀nù, sọ ọ́ ní Asclepias procera. Ní 1811, ọmọ rẹ̀, William Townsend Aiton, yí i sí Calotropis procera. Orúkọ tí bàbá sọ, ọmọ ló tún un ṣe. Inú ìdílé Apocynaceae ló wà lónìí. Àwọn mọ̀lẹ́bí rẹ̀ kò sì jìnnà sí wa: ìrẹ́, ahùn àti asofẹ́yẹjẹ. Ápù ní tirẹ̀, ọmọ ìyá òdòdó róòsì ni.

Ìbílẹ̀ rẹ̀ ńkọ́? Ilẹ̀ gbígbẹ ni, láti Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà títí dé Arébíà àti Íńdíà. Hausa ń pè é ní tumfafiya. Bó ti wà ní ìhà Òkun Òkú náà ló wà ní àríwá Nàìjíríà, kò sì sí ẹni tó ní láti gbé e wá fún wa láti Sódómù. Àwọn obìnrin Fúlàní ti mọ̀ ọ́n lò tipẹ́: oje rẹ̀ ni wọ́n ń pò mọ́ wàrà tútù lórí iná kó lè dì. Nítorí náà, wàrà díndín tí ará Ìṣẹ̀rí ń rà jẹ lẹ́bàá títì lè ti gba ọwọ́ bomubomu kọjá.

Ẹni tí kò bá gbà, kó gé ẹ̀ka kan tó ní ewé, òdòdó àti èso, kó tẹ̀ ẹ́ sáàárín ìwé ìròyìn títí yóò fi gbẹ, kó gbé e lọ sí ilé àkójọ ewéko ní Yunifásítì Èkó, Akọka, kí wọ́n bá a wò ó. Kó sì fọ ọwọ́ dáadáa kó tó fi kan ojú.